Ọ̀túnla ló wà nínú "perendinate", kì í ṣe òpin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo rí i nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá kan tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé "perendinate" ni kéèyàn parí nǹkan pátápátá. Wọ́n ní "per" ni pátápátá, "end" ni òpin. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi pé "I perendinated three projects". Ṣé ó tọ̀nà?

Ìdáhùn: Kò tọ̀nà o. Ẹ yọ ọ́ kí lẹ́tà yẹn tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni pé iṣẹ́ mẹ́ta wà nílẹ̀, ẹ sì sún gbogbo wọn di ọ̀túnla.

Irọ́ "per" àti "end" yìí ti sú mi, torí àwọn tó ń sapá gan-an ló ń kó bá. A kì í gé ọ̀rọ̀ Látìn bí ẹni gé iṣu, ká wá máa wá Gẹ̀ẹ́sì nínú ègé kọ̀ọ̀kan. "End" kò bá Látìn tan: Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, "ende" ni wọ́n ń kọ ọ́. "Finis" ni Látìn ń pe òpin, òun ló bí "finish" àti "final". "Perendie" ló bí "perendinate", bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Róòmù sì ń pe ọ̀túnla. "Die" tó gbẹ̀yìn rẹ̀, "dies" ni, ìyẹn ọjọ́. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ "procrastinate": "cras" inú rẹ̀ ni ọ̀la, "pro" ni síwájú. Ẹni tó ń "procrastinate" ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Ẹni tó "perendinate" fo ọ̀la kọjá.

Nílé ẹjọ́ Róòmù, wọ́n ní "comperendinatio", ìyẹn sísún ẹjọ́ sí ọjọ́ kẹta. Ọ̀túnla náà ni, torí wọ́n ń ka òní mọ́ ọn, bí àwa náà ṣe ń ka òní ká tó dé ìjẹta.

Bí ìpàdé bá yẹ kó wáyé lónìí Monday, tí wọ́n sún un sí Wednesday, ọ̀rọ̀ náà bá a mu. Bó bá di Friday, kò bá a mu mọ́. Orí "ren" ni ẹ ó ti tẹ ohùn mọ́ ọn. Àwọn díṣọ́nárì kékeré kì í sábà ní in, nítorí náà ẹni tó máa ka lẹ́tà yín lè má mọ̀ ọ́n rárá.

"Completed" ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́ ẹ sì kọ oṣù tí ẹ parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí ìyókù lẹ́tà náà o, ọ̀rọ̀ kan yìí nìkan ni ìdáhùn mi dé.