Ẹ Bi Wá: Ẹgbẹ́ Ìjọ Tó Ń Lọ Ṣe Míṣọ́n ní Kenya

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ wa fẹ́ rán èèyàn méjìlá lọ sí Kisumu, lórílẹ̀-èdè Kenya, ní oṣù kẹjọ. A ó wàásù, dókítà méjì àti nọ́ọ̀sì mẹ́ta á sì ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fọ́jọ́ mẹ́rin. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? — Akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere, Ìbàdàn

Ọ̀dọ̀ ìjọ tó fẹ́ gbà yín lálejò ni, kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà ìpè, kí orúkọ kálukú wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìwé ìrìnnà náà, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹni tó máa gbọ́ bùkátà yín, àti iṣẹ́ tẹ́ ẹ wá ṣe gan-an.

Iṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fi pa mọ́. Wọ́n á sọ fún imígíréṣọ̀n pé ìgbafẹ́ làwọn bá wá, báàgì wọn á sì kún fún oògùn. Irọ́ ni, kò yẹ ẹni tó ń ru ìyìn rere, wọ́n sì lè torí ẹ̀ dá gbogbo yín padà láti pápákọ̀ òfuurufú. Kenya ní ìwé àṣẹ Class I fún míṣọ́nnárì tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, ó sì ní Special Pass fún iṣẹ́ ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọ tó pè yín kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ imígíréṣọ̀n ibẹ̀, kí wọ́n mọ èyí tí ètò yín ń fẹ́.

Ìwé àṣẹ tí dókítà yín fi ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kò ká Kenya. Kenya Medical Practitioners and Dentists Council ló ń fún dókítà àlejò ní ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀. Nursing Council of Kenya ni tàwọn nọ́ọ̀sì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí lóṣù mẹ́ta ṣáájú, torí pé wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nílé àti orúkọ ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ máa bá ṣiṣẹ́.

Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni Kenya ti fi eTA, ìyẹn ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì, rọ́pò físà. Wọ́n ti yí òfin nípa àwọn tó nílò rẹ̀ padà látìgbà náà, torí náà ìkànnì ìjọba Kenya gan-an ni kẹ́ ẹ wò lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìrìnnà kálukú gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé.

Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Nàìjíríà wà lára ibi tí ibà pọ́njú ti ń jà, Kenya á sì béèrè rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá gbabẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń rìn ti pẹ́ jù. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Àwọn ọmọ ìjọ ti kó oògùn jọ rẹpẹtẹ. Ṣé ká pín in sínú báàgì gbogbo wa, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má bàa yọ wá lẹ́nu? — Ẹgbẹ́ kan náà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Pharmacy and Poisons Board ló ń fàṣẹ sí oògùn tó ń wọ Kenya. Ìjọ tàbí ilé ìwòsàn ibẹ̀ ni kó bá yín tọrọ àṣẹ, pẹ̀lú ìwé tó to orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, bó ṣe lágbára tó, iye rẹ̀, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára páálí, àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ni pé kí oògùn tí wọ́n fi ta ilẹ̀ míì lọ́rẹ ṣì ní ọdún kan, ó kéré tán, nígbà tó bá dé ibẹ̀. Ẹ yọ èyí tí wọ́n ti já, àti èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi tramadol tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine kún un.

Lójú tiwa, owó ló sàn kẹ́ ẹ mú lọ. Kisumu kì í ṣe abúlé. Wọ́n ń ta oògùn níbẹ̀, orúkọ tí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ̀ ló sì wà lára rẹ̀.

Èyí tó ń ká wa lára jù ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹgbẹ́ á dé, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà kan, wọ́n á fún un ní amlodipine ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n á sì lọ. Tí oògùn bá tán, ẹ̀jẹ̀ á tún gòkè, ìyá á sì rò pé òun ti sàn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ilé ìwòsàn àdúgbò kò lè máa bá lọ. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí káàdì, ẹ fi aláìsàn lé nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lọ́wọ́ lójúkojú, kẹ́ ẹ sì fi ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn sílẹ̀ fún wọn. Ojú ńlá ni àlejò ní, kò fi ríran. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló mọ ẹni tó ń gbé nítòsí ẹni.

Mo ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní London, mo sì fẹ́ bá wọn ní Kisumu. Ṣé èmi tí mo dàgbà ní Ìlọrin tún nílò oògùn ibà? — Ìyá Ibeji, London

Ẹ nílò rẹ̀, mà. Agbára tí ara ní láti bá ibà jà máa ń dín kù tí èèyàn bá kúrò níbi tí ibà wà, agbègbè adágún Victoria tí Kisumu wà sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ibà ti pọ̀ jù ní Kenya. Ẹ lọ rí dókítà tàbí oníkẹ́míìsì ní oṣù kan àtààbọ̀ ṣáájú. Tí wọ́n bá fún yín ní Malarone, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ máa lo ẹyọ kan lójúmọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, títí di ọjọ́ keje lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìrìn-àjò ni ti doxycycline. Àwọn tó ń dá a dúró ní kété tí wọ́n délé ni ibà máa ń kì mọ́lẹ̀. Ẹni tó lóyún tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó pinnu pé òun máa lọ. Tí ara bá gbóná lẹ́yìn tẹ́ ẹ padà dé, kódà láàárín ọdún kan, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lọ sí Kenya, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí la máa dì sẹ́rù? — Ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́

Súwẹ́tà, torí òtútù Nairobi máa ń mú gan-an lóṣù kẹjọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kisumu gbóná. Ẹ má fi láílọ́ọ̀nù di nǹkan: láti oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni Kenya ti fòfin de àpò láílọ́ọ̀nù. Àpò aṣọ ni kẹ́ ẹ lò. Páwà báǹkì kì í wọ ẹrù abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi mú un, kí agbára bátìrì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ má sì ju 100Wh lọ. Píláàgì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwa bá tiwọn mu.

Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ bá ju 10,000 dọ́là lọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù nílé àti lọ́hùn-ún. Wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ẹni tó fi pa mọ́ ni wọ́n máa ń gbẹ́sẹ̀ lé tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ fi ìwé ìrìnnà ra síìmù, kí wọ́n ṣí M-Pesa, ìyẹn àpò owó orí fóònù, fún yín. Òun ni ọ̀pọ̀ ń fi san owó, títí kan ẹni tó ń ta tòmátì lẹ́bàá títì.

Kí oníwàásù yín sì fi ìwàásù rẹ̀ ránṣẹ́ sí ògbufọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Tó bá jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un, ogún péré ni tirẹ̀.