Kọ́là líle ń gún ẹ̀gbọ́n mi lágbọ̀n: ṣé ó lè máa bọ́ ọ lóru?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn. Dókítà ní eegun ọrùn rẹ̀ kan sán ṣùgbọ́n kò yẹ̀, nítorí náà wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Kọ́là líle aláwẹ́ méjì, ìyẹn ike oní-fóòmù tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn kó má baà máa yí, ni wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n ní kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 12. Ooru ń mú un, kọ́là náà sì ń gún un lágbọ̀n. Ní báyìí, ó máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lóru, á bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó sùn. Ó ní ṣebí ẹni tó ń sùn kì í lo ọrùn. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá a sọ ọ́ lónìí. Ẹni tó sùn kò mọ ibi tí orí rẹ̀ ń yí sí, iṣan ọrùn tó ń di eegun mú lójú mọmọ a sì máa dẹ̀ nígbà tí oorun bá wọra. Èyí tó bà mí lẹ́rù ju oorun lọ ni pé ó ń jókòó bọ́ ọ. Orí àgbàlagbà wúwo tó kílò 4 sí 5, gbàrà tí okùn kọ́là bá sì ti tú, eegun tó sán yẹn wà lára àwọn tó máa ru ẹrù náà.

Eegun 7 ló wà lọ́rùn, mùdùnmúdùn ọ̀pá-ẹ̀yìn tó so ọpọlọ pọ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì gba inú wọn kọjá. Bí eegun tó sán bá dúró sójú kan, ó lè jinná láìsí iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá yẹ̀, ó lè tẹ mùdùnmúdùn náà. Kò sí kọ́là tó lè dá ọrùn dúró pátápátá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé àgbọ̀n àti ìpàkọ́ lé àyà àti èjìká, ó sì ń rán ẹni tó wọ̀ ọ́ létí pé bí wọ́n bá pè é, gbogbo ara ni kó fi yí, kì í ṣe orí nìkan.

Ní ti gígún, mo fura pé kọ́là náà kò jókòó dáadáa. Ẹ wò ó látẹ̀gbẹ́: ó yẹ kí ṣóńṣó àgbọ̀n rẹ̀ bá etí ibi tí wọ́n ṣe fún àgbọ̀n dọ́gba. Bí àgbọ̀n bá rì sínú, kọ́là náà tóbi tàbí ó dẹ̀. Bí ó bá yọ síta, ó kéré. Fóòmù nìkan ló yẹ kó kan awọ ara, kò yẹ kí ike líle kàn án níbì kankan. Ẹ má torí pé ó ń gún un kẹ́ ẹ dẹ okùn rẹ̀, nítorí kọ́là tó dẹ̀ a máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń bó awọ. Bí wọ́n bá ti bá yín tò ó dáadáa ní ọsibítù, ẹ fi bíírò sàmì sí ibi tí okùn dé lọ́tùn-ún àti lósì, kí ó lè máa dé ibẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá bá a mu, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi abẹ gé e nílé.

Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa ṣí i wẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹni méjì ló ń ṣe é, ó sì yẹ kí wọ́n ti kọ́ yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọsibítù. Kí ẹ̀gbọ́n yín fẹ̀yìn lélẹ̀ láìsí ìrọ̀rí. Kí ẹnì kan dúró níbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ orí mú, kó má sì ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kí ẹnì kejì ṣí awẹ́ iwájú, kó nu abẹ́ àgbọ̀n, kó jẹ́ kó gbẹ, kó tó dá a padà. Awẹ́ ẹ̀yìn le díẹ̀, torí gbogbo ara ni wọ́n máa ń yí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ìtí igi. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí oníṣẹ́ físíò ṣe é lójú yín ná.

Kó máa fá irùngbọ̀n rẹ̀, kó má fi páúdà tàbí ìpara sábẹ́ kọ́là. Bí fóòmù rẹ̀ bá ṣeé yọ, ẹ béèrè fún èyí tẹ́ ẹ ó máa fi pààrọ̀, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí èkejì wà lọ́rùn. Èyí ló ń tu èèyàn lára jù nínú ooru. Ẹ máa yẹ àgbọ̀n, ìpàkọ́ àti òkè àyà wò. Lára aláwọ̀ dúdú, pupa kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ fọwọ́ kàn án: ibi tó gbóná tàbí tó le ju àyíká rẹ̀ lọ ti ń fẹ́ di egbò.

Bí ẹbí kan bá mú teguntegun wá láti fa ọrùn náà, ẹ dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ń kú, tí ó ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn lára rẹ̀, tí ìtọ̀ ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí mímí tàbí gbígbé oúnjẹ mì nira fún un, ẹ má bọ́ kọ́là náà. Ẹ gbé e ní ìdùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì, kó má jókòó lórí ọ̀kadà.