Ìró tínrín kọ́ ni ìró líle

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Nǹkan bíi wákàtí 4 ni mo fi ń gbọ́ orin nínú íápíìsì lójoojúmọ́. Ẹnìkan sọ fún mi pé ìró tó bá tínrín ni ìró líle, pé òun nìkan ló ń ba etí jẹ́, àti pé bí mo bá ti dín ìró tínrín kù tí mo sì fi bẹ́ẹ̀sì (ìró tó nípọn) kún un, mo lè yí fólúùmù dé òpin láìséwu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín ìró líle àti ìró jẹ́jẹ́?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ ti da nǹkan méjì pọ̀, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí mi lẹ́nu àwọn aláìsàn débi pé ó ti ń bí mi nínú, pàápàá nígbà tí mo bá rí àwọn tó ń ta òróró tí wọ́n ń kán sí etí lé e lórí.

Èdè wa náà dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. Bí a bá ní kí ẹnìkan gbé ohùn sókè, a fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ kíkan kí a lè gbọ́ ọ ni; ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ní kí a fi àmì ohùn òkè sórí fáwẹ̀lì, kò sí ariwo nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, nítorí a lè fi ohùn jẹ́jẹ́ pe "rá", kí a sì fi igbe pe "rà", síbẹ̀ ohùn òkè kò ní di ohùn ìsàlẹ̀.

Ìró ni mímì tí afẹ́fẹ́ ń mì títí tí yóò fi kan ìlù etí. Iye ìgbà tí ó ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí a ń fi Hertz kà, ni ó ń sọ bóyá ìró náà yóò tínrín tàbí yóò nípọn. Bí mímì náà ṣe fẹ̀ tó ni ó ń sọ bóyá yóò le tàbí yóò rọlẹ̀. Ẹ fi ìka kan ìlù kan fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tún wá fi gbogbo agbára lù ú: awọ rẹ̀ yóò lọ jìnnà sí i, yóò sì padà jìnnà sí i, ìró rẹ̀ yóò sì le sí i, ṣùgbọ́n kò ní torí ìyẹn di ìró tínrín. (Ìró líle kì í sì í yára ju ìró jẹ́jẹ́ lọ, bí àwọn kan ṣe rò.)

Èérún òótọ́ kan wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín. Etí ènìyàn máa ń tètè gbọ́ ìró tó wà láàárín 2,000 sí 5,000 Hertz ju èyí tó nípọn lọ, bí agbára wọn bá tilẹ̀ dọ́gba. Bákan náà, nígbà tí ariwo bá ti ba etí jẹ́, ìtòsí 4,000 Hertz ni àyẹ̀wò sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fò sí ìparí pé ìró tínrín ló ṣe é. Bí òjò bá rọ̀ tí òrùlé sì jò ní igun kan, ṣé orí igun yẹn nìkan ni òjò náà rọ̀ sí? Ariwo tó nípọn pẹ̀lú lè ba ibẹ̀ jẹ́ bí ó bá le tó, tí ó sì pẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ẹ̀sì tí ẹ fi kún un kò sọ pé ìró yòókù ti kúrò nínú orin: bí ẹ bá ti yí fólúùmù sókè, gbogbo wọn ló jọ ń gòkè.

Dẹ̀síbẹ̀lì ni a fi ń wọn líle ìró, ìṣirò rẹ̀ kò sì rí bí ìṣirò owó. Bí a bá fi 10 kún un, agbára ìró náà ti di ìlọ́po 10, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìlọ́po 2 ni yóò ṣe dún létí wa. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ máa ń wà ní nǹkan bíi 30, ọ̀rọ̀ sísọ lásán ní nǹkan bíi 60. Ìlọ́po 1,000 ló wà láàárín wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà níyànjú pé kí ó má gbọ́ ìró 80 dẹ̀síbẹ̀lì kọjá wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni, ìyẹn ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ óò fi ná ti ọ̀sẹ̀ kan tán.

N kò lè tinú lẹ́tà mọ bí etí yín ṣe wà, ìwọ̀n tí mo kọ yìí kò sì dúró fún àyẹ̀wò. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ bọ́ íápíìsì, tàbí tí ọ̀rọ̀ bá ń dún bíi pé òwú wà nínú etí yín, ẹ lọ fi hàn oníṣègùn etí. Ẹ má kán òróró kankan sí i. Àwọn irun tín-ín-tìn-tín inú etí tó ń gba ìró kì í tún hù bí wọ́n bá ti kú. Ní ti íápíìsì, ẹ dá bẹ́ẹ̀sì àti ìró tínrín padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, fólúùmù ni kí ẹ yí wálẹ̀.