Ṣé Ogbó Ni Àbí Àìsàn? Ìbéèrè Yín Lórí Ajá Àgbà

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lára àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí jẹ́ ti ajá tó ti lé lọ́dún méje, gbólóhùn kan náà ló sì wà nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn: "Ó ti darúgbó ni." Lóòótọ́, ajá ńlá bí Alsatian, Rottweiler àti Boerboel máa ń di àgbà láti nǹkan bí ọdún 7, Lhasa àti àwọn ajá kéékèèké lè tó ọdún 10. Ṣùgbọ́n ìrora, ọ̀rá, ibà eégbọn àti àìsàn kíndìnrín ni ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ogbó, a kò sì lè tọ́jú ohun tí a kò wá rí. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ìbéèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Alsatian wa ti pé ọdún 9. Láàárọ̀ ó máa ń pẹ́ kó tó dìde, á máa tiro, ṣùgbọ́n tó bá ti rìn díẹ̀, ara rẹ̀ á yá. Táìsì ló wà káàkiri ilé wa, ó sì máa ń yọ̀ ṣubú. Àbúrò ọkọ mi ní ká máa fún un ní ibuprofen. Ṣé kò léwu? (Ìyá kan, Sùúrùlérè)

Ó léwu, Mà. Ẹ má fún un. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà ní kẹ́mísì máa ń dá egbò sínú ikùn ajá, wọ́n sì máa ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Èébì àti ìgbẹ́ dúdú kirikiri ni àmì tí ẹ máa kọ́kọ́ rí. Tí ẹ bá ti fún un tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún dókítà ẹran, ẹ má fi pa mọ́, torí òògùn ìrora méjì kò gbọ́dọ̀ pàdé lára ajá.

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, oríkèé ló jọ pé ó ń dùn ún. Ohun rírọ̀ tó bo orí eegun níbi oríkèé ti jẹ, eegun wá ń ha eegun. Tó bá sùn mọ́jú, ibẹ̀ á gan. Tó bá rìn díẹ̀, á tú. Ṣùgbọ́n torí pé Alsatian ni, ẹ yẹ ohun kan wò ná. Kí ó dúró, kí ẹnì kan fọwọ́ gbè é lábẹ́ ikùn, kí ẹ wá yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan, kí ẹ̀yìn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà fara kan ilẹ̀. Ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn á yí i padà lójú ẹsẹ̀. Tó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹ rí i pé èékánná méjì tó wà láàárín ti jẹ lórí nítorí pé ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ti ọ̀pá ẹ̀yìn, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ oríkèé, ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ lórí táìsì, oríkèé yẹn tún ń ṣèṣe ni. Ẹ wá ẹní rọ́bà tí wọ́n ń tò mọ́ra fún àwọn ọmọdé, kí ẹ tẹ́ ẹ láti ibi tó ń sùn dé ibi omi rẹ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà. Kò pọn dandan kó kárí ilé. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ èékánná rẹ̀ kọ́-kọ́-kọ́ lórí táìsì, ó ti gùn jù. Ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ẹ sì gé irun tó hù sáàárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti fóòmù tó ń sùn lé, ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́: tí ọwọ́ yín bá kan ilẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ínṣì mẹ́rin tó le dáadáa ló máa gbà á, kí ẹ fi rọ́bà bò ó nítorí ìtọ̀.

Ìrìn wá ńkọ́? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á ti ajá mọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á wá mú un rìn fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹran itan tó ń gbé oríkèé ró á ti gbẹ lórí ìdùbúlẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan á wá dá ajá náà dùbúlẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, ni kí ẹ ṣe. Jẹ́jẹ́ ni kó máa rìn, torí tó bá ń sáré, á gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sókè, á fi mẹ́ta yòókù sá. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló máa sọ fún yín bóyá ó pọ̀ jù. Tí gígan rẹ̀ kò bá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá jù ú lọ, ẹ gé ìrìn náà sí ìdajì. Kó tó jẹun, ẹ mú oúnjẹ dání, kó jókòó, kó dìde, nígbà márùn-ún: itan rẹ̀ nìyẹn ń mú le. Ẹ dẹ́kun jíju bọ́ọ̀lù fún un.

Ẹ máa jáde kí aago méje àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà títì fún ìṣẹ́jú àáyá méje. Tí ẹ kò bá lè fara dà á, ajá náà kò lè fara dà á.

Tí gbogbo èyí kò bá tó, òògùn ìrora tó yẹ ajá wà, bíi carprofen àti meloxicam. Dókítà ẹran ló máa wọn ọ́n sí kílò ajá, lẹ́yìn tó bá ti fi ẹ̀jẹ̀ yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò. Pẹ̀lú oúnjẹ ni kó máa lò ó. Kò gbọ́dọ̀ bá prednisolone tàbí dexamethasone pàdé, nítorí náà tí ẹnì kan bá ti gún un lábẹ́rẹ́ nítorí títiro yìí, ẹ bi í léèrè orúkọ abẹ́rẹ́ náà.

Ojú Bingo, ọdún 11, ti ń ṣe búlúù-búlúù nínú. Ṣé ó ń fọ́ ni? (Olùkà, Yábàá)

Ó lè má fọ́. Dígí inú ojú ajá máa ń nípọn lọ́jọ́ ogbó, á wá búlúù díẹ̀, ajá á sì máa ríran lọ. Ẹ ju òwú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, torí òwú kì í dún. Tó bá fi ojú tẹ̀ lé e, ó ń ríran. Tí ojú náà bá funfun gbòò tàbí tí ajá ń forí gbá àga, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò; tí ojú bá pọ́n, tó wú, tó sì ń dùn ún, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má kán òògùn ojú èèyàn sí i.

Lhasa mi jẹ́ ọmọ ọdún 10, kílò 11 ló wọ̀n. Tó bá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí, á máa mí hẹlẹ. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí àwọn ọmọ bá jẹ kù ló ń jẹ. (Olùkà, Lẹkki)

Lhasa kì í sábà ju kílò 8 lọ, nítorí náà ajá yín ń ru kílò mẹ́ta kiri. Ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọkàn rẹ̀ ná, pàápàá tó bá ń wúkọ́ lóru, torí àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ lára àwọn ajá kéékèèké tó ti dàgbà.

Tí ọkàn bá mọ́, ẹ mú agolo mílíìkì kan tí gbogbo ilé á máa fi wọn oúnjẹ rẹ̀. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú ohun tó ń jẹ, kí ẹ pín èyí tó kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ gbé e dání gun ìwọ̀n, kí ẹ yọ kílò tiyín kúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nǹkan bí ìdajì kílò ló yẹ kó lọ. Tí kò bá lọ, ẹ tún yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló máa gbà, ẹ má febi pa á kó lè yá.

Ìrẹsì ni kí ẹ dín, kì í ṣe ẹja. Ajá àgbà tí kò rí ẹja, ẹyin tàbí ẹran jẹ tó, ẹran ara rẹ̀ ló máa gbẹ, ọ̀rá á kù síbẹ̀. Ẹ bọ ṣàwá láìfi iyọ̀ sí i, kí ẹ ṣa eegun rẹ̀. Kárọ́ọ̀tì àti elégédé bíbọ̀ á bá a dí ikùn. Ọbẹ̀ àjẹkù yẹn kò dára fún un rárá. Àlùbọ́sà, ì báà jẹ́ tútù tàbí sísè, máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ó sì máa ń wà nínú mágí. Eegun adìyẹ sísè máa ń ya ṣóńṣó-ṣóńṣó, á gún ìfun. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ilé nìkan ni ẹ fẹ́ máa fún un, ẹ bi dókítà nípa kálísíọ́mù, torí ìrẹsì àti ẹja tí a ti ṣa eegun rẹ̀ kò ní in tó.

Ẹ jọ̀ọ́, abo ajá wa, ọdún 8, rí ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ mẹ́ta, omi ló ń mu ṣáá, kò fẹ́ oúnjẹ, ikùn rẹ̀ sì ń wú. Ṣé ooru ni? (Olùkà, Ìsàlẹ̀ Èkó)

A ti dá ẹni tó kọ̀wé lóhùn kí a tó tẹ ìwé yìí, torí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ooru kọ́. Ó jọ pé ilé ọmọ rẹ̀ ti kún fún ọyún. Abo ajá àgbà tí wọn kò yọ ilé ọmọ rẹ̀ ló máa ń ṣe, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn tó bá rí ẹ̀jẹ̀. Tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí, ẹ máa rí ọyún tó ń rùn lábẹ́ ìrù rẹ̀. Tó bá pa dé, ẹ kò ní rí nǹkan kan, èyí ló sì burú jù, torí ó lè bẹ́ sínú ikùn. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi yọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú.

Ẹ̀yin tí ajá yín ń mumi jù láìsí èyí, ẹ wọn omi náà. Tó bá ju mílílítà 100 lọ fún kílò kan lóòjọ́, ó ti pọ̀ jù. Lítà 2 nìyẹn fún ajá kílò 20. Kíndìnrín àti ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ gbe ìtọ̀ àkọ́kọ́ tó tọ̀ láàárọ̀ sínú ìgò mímọ́, kó dé ilé ìwòsàn ẹran láàárín wákàtí kan. Ẹ má fi omi dù ú nítorí pé ó ń tọ̀ sílé: ajá tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè dá omi dúró mọ́, tí kò bá rí omi mu, á gbẹ.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ là ń bu pọ́ńdà eégbọn sí ajá wa, síbẹ̀ eégbọn kò tán. Ó ti pé ọdún 11, ó wá rọ, kì í fẹ́ dìde mọ́. Bàbá onílé ní ká fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pa á lára. (Olùkà, Gbàgádà)

Ẹ bá wa bẹ Bàbá. Ọ́ìlì yẹn máa ń jó awọ ara, ajá á sì lá a mì.

Eégbọn tó wà nínú ilé pọ̀ ju èyí tó wà lára ajá lọ. Abo eégbọn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó á jábọ́, á gun ògiri, á yé ẹyin rẹpẹtẹ sínú ihò. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí ihò ilé ajá, ẹ kó àpò àti àkísà inú rẹ̀ dànù, ẹ fín òògùn eégbọn sí ògiri láti ilẹ̀ dókè, kí ajá má wọlé títí á fi gbẹ. Ẹ tún un fín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, torí ẹyin kì í kú nígbà àkọ́kọ́. Lára ajá, ẹ wo inú etí, abẹ́ kọ́là àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Rírọ̀ tó rọ̀ yẹn ló ká wa lára jù. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ erìgì rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Erìgì tó dára á funfun, á sì pọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tó bá ti funfun kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹ sì gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ibà eégbọn méjì ló wọ́pọ̀. Ehrlichia lè mú kí imú ajá ṣẹ̀jẹ̀. Babesia lè sọ ìtọ̀ rẹ̀ di pupa tàbí àwọ̀ kọfí. Doxycycline ni wọ́n ń fún ti àkọ́kọ́, fún nǹkan bí ọjọ́ 28. Ara ajá sábà máa ń yá láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá òògùn dúró, tí ibà á fi padà wá. Ti Babesia, abẹ́rẹ́ ọ̀tọ̀ ni, imidocarb. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa méfò òògùn.

Ajá mi ti pé ọdún 12, kì í jáde. Ṣé ó ṣì nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára? (Olùkà, Àjẹgúnlẹ̀)

Bẹ́ẹ̀ ni. Ti dìgbòlugi, lọ́dọọdún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀, torí ajá mìíràn lè fo géètì wọlé. Tí omi òjò bá ń wọ àgbàlá yín tàbí tí eku pọ̀ níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá àjẹsára tí wọ́n ń fún un ní ti leptospirosis nínú: ìtọ̀ eku ló ń tàn án, ó máa ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì ń ran èèyàn. Tí ara rẹ̀ kò bá yá lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ẹ sún un síwájú títí á fi gbádùn.