Ṣé oògùn hẹpatáítíìsì C (àrùn ẹ̀dọ̀ kan) ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní HIV?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Abẹ́rẹ́ interferon tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì máa ń dá ara lágara. Dókítà Susanna Naggie ti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí ION-4 jáde ní 2015: èèyàn 335 tó ní àrùn méjèèjì lo oògùn hẹpatáítíìsì C tó ń jẹ́ ledipasvir àti sofosbuvir, hóró kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìdá 96 nínú 100 ló rí ìwòsàn hẹpatáítíìsì C. Àwọn mẹ́wàá tí àrùn náà padà sí lára, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ìdá 90 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ló bọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ hẹpatáítíìsì B wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, torí oògùn hẹpatáítíìsì C lè jí i dìde.