Brewer tó ń pàdánù oòrùn lọ́sàn-án

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní Brewer, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé oòrùn láti wọn ozone ojú ọ̀run, tó wà lórí òrùlé yín n'Ìkẹ́rẹ̀ ń rí oòrùn dáadáa láàárọ̀, bí ọ̀sán bá ti pọ́n ó ṣìnà, iye ozone á wá máa fò sókè sódò, ẹ sì fẹ́ tú inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan bóòtù kankan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá irú ẹ̀rọ yìí fà á l'Adó. Ìta ni wàhálà rẹ̀ ti sábà ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ wo aago. GMT ni ẹ̀rọ náà ń lò, aago tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú. Ìṣẹ́jú 4 péré, oòrùn ti rin ìwọ̀n 1. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà sì ti kú, aago á padà síbi tó wù ú. Àmọ́ aago tó ṣìnà ìbá ti dà á rú láti àárọ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba ni mo fura sí jù. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà lé e lórí, ẹ yí ẹ̀rọ náà po díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ kóńkó tó wà nínú omi rẹ̀. Bó bá sún, ẹ tún ẹsẹ̀ ṣe.

Ìgbà wo ló tiẹ̀ ṣẹlẹ̀? L'Ékìtì níbí, oòrùn máa ń kàn wá lágbárí gan-an ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ní láti yí láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ òtútù ò mọ ìyà yìí.

Ẹ má di í ru ọyẹ́. Ìtànṣán tó wà láàárín 306 sí 320 nánómítà ni Brewer ń fi wéra. Eruku ń dín gbogbo wọn kù ní nǹkan bí ìwọ̀n kan náà, ozone ni kì í mú wọn dọ́gba. Ẹ ṣáà nu gíláàsì ojú rẹ̀.

Ẹ wo ìwọ̀n márùn-ún tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan: bí ìyapa wọn (standard deviation) bá ju 2.5 DU (Dobson Unit, òṣùwọ̀n ozone) lọ, ẹ da márààrún nù. Bí ẹ bá sì rí 400 DU nílẹ̀ wa, ìkùukùu ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Ẹ fi fáìlì ọjọ́ kan ránṣẹ́, pẹ̀lú èsì iná mẹ́kúrì inú rẹ̀, èyí tó fi ń yẹ ara rẹ̀ wò, ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán.