Ẹ Bi Wá: Ṣé ẹ̀yà Prius lè sọ ọkọ̀ mi di oníná?

Ìbéèrè: Mo rí Prius 2006 kan (ọkọ̀ Toyota tó ń lo epo àti iná pọ̀) tí iwájú rẹ̀ ti run rà ní Àjàṣẹ́. Ṣé mo lè fi mọ́tò iná (ẹ̀rọ oníná tó ń yí táyà) àti bátìrì rẹ̀ sínú Peugeot mi, kí n bọ́ lọ́wọ́ epo kpayo? (Òǹkàwé, Kétu)

Èsì: Mọ́tò iná àti inverter rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú èyí tí mọ́tò náà ń lò) wúlò. Bátìrì yẹn ni kí ẹ má gbójú lé: mọ́dù (bátìrì kéékèèké inú rẹ̀) 28, fóòtì 7.2 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ fóòtì 201.6, ṣùgbọ́n kìlówáàtì-wákàtì (kWh, òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè tọ́jú) 1.3 péré ló ń gbà. Kò lè gbé yín dé ìdajì ọ̀nà Pobẹ̀. Ẹ wá bátìrì Nissan Leaf àtijọ́ (ọkọ̀ oníná pátápátá), tó ń gba kìlówáàtì-wákàtì 24 nígbà tó wà ní tuntun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ẹ̀ńjìnnì ló ń yí pọ́m̀pù òróró inú gíá Prius. Bí ẹ bá yọ ẹ̀ńjìnnì náà kúrò, òróró ò ní káàkiri dáadáa mọ́, gíá á sì gbóná. Ẹ fi pọ́m̀pù oníná kékeré kan sí i. Kọ̀ǹpútà Prius náà ò ní gbà kí mọ́tò iná ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀ńjìnnì. Ẹ nílò bọ́ọ̀dù ìdarí mìíràn fún inverter.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn (èyí tí iná ńlá ń gbà), ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà aláàbò iná, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ààbò bátìrì (èyí tó ń gé iná bátìrì), ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì fi mítà wò ó bóyá iná ti tán. Iná ṣì máa ń wà nínú inverter fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ púlọ́ọ̀gì náà.